Prelude àti Fugue C minor ti Bach: ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dùùrù máa ń bi mí

Nínú gbogbo orin tí mo fi ń kọ́ àwọn èèyàn ní dùùrù, kò sí èyí tí wọ́n ń bi mí léèrè nípa rẹ̀ tó Prelude àti Fugue C minor, ìkejì nínú ìwé kìíní tí Bach pè ní Das Wohltemperierte Klavier. Nọ́ńbà rẹ̀ nínú àkójọ iṣẹ́ Bach ni BWV 847. Mo kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí kí ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lè rí ibi tí yóò ti mú un. Ẹ máa rí ọ̀rọ̀ kan tí mo ń padà sí ṣáá: ẹnu àti etí ló ń kọ́kọ́ kọ́ fugue, ìka ló ń tẹ̀lé wọn.

Kí ni prelude, kí sì ni fugue?

Prelude ni orin ìṣáájú. Láyé àtijọ́, atẹdùùrù á kọ́kọ́ fọwọ́ kan dùùrù fún ìgbà díẹ̀. Á gbọ́ bóyá ohùn rẹ̀ ṣe régí, ìka rẹ̀ á gbóná, àwọn tó wà níjòókòó á sì mọ key (ìdílé ohùn tí orin dúró lé, irú bíi C minor) tí orin tó ń bọ̀ máa wà. Ẹ wo onídùndún tó ń fa ọṣán, tó ń dán ohùn ìlù rẹ̀ wò kó tó kí ẹnikẹ́ni. Láti inú irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ni prelude ti dàgbà di orin tó dá dúró. Ẹni tó ń kọ ọ́ lè gbé e gba ibi tó wù ú.

Fugue ní òfin. Ohùn kan á dá wọlé, á sọ gbólóhùn kan láìsí ẹni tó gbè é. Bó bá ti sọ ọ́ tán, ohùn kejì á gba gbólóhùn yẹn, á tún un sọ lórí ìpele mìíràn. Ẹni àkọ́kọ́ kò ní dákẹ́, á wá ọ̀rọ̀ mìíràn sọ tó máa bá ti ẹnì kejì mu. Lẹ́yìn náà ni ohùn kẹta á wọlé, gbogbo wọn á sì jọ máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Àwọn olórin ń pe gbólóhùn tó ṣí fugue ní subject. Èmi ń pè é ní olórí ọ̀rọ̀, orúkọ yẹn náà ni mo sì máa lò níbí. Èyí tí ohùn kejì fi dáhùn ni èsì. Ohun tí ohùn àkọ́kọ́ ń sọ lábẹ́ èsì, tó sì máa ń bá olórí ọ̀rọ̀ rìn káàkiri orin náà, ni alábàárìn. Ibi tí olórí ọ̀rọ̀ kò ti sí lódindi, tí wọ́n kàn ń fi èérún rẹ̀ kọjá láti key kan bọ́ sí òmíràn, mo ń pè é ní afárá.

Ta ló kọ ọ́, ta ló sì kọ ọ́ fún?

Johann Sebastian Bach ni, ọmọ Jámánì tí wọ́n bí ní Eisenach ní 1685. Ní 1722, nígbà tó ń ṣe olórí àwọn olórin ní ààfin ọmọọba Köthen, ó da ìwé náà kọ ní mímọ́: prelude àti fugue 24, méjì méjì fún key kọ̀ọ̀kan, major 12, minor 12. Ojú ewé àkọ́kọ́ sọ ẹni tó kọ ọ́ fún: àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ orin, àti àwọn tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ kí wọ́n lè máa fi gbádùn ara wọn.

Inú ilé rẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kìíní 1720, ó ṣí ìwé kékeré kan fún àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, Wilhelm Friedemann, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà yẹn. Mọ́kànlá nínú àwọn prelude ìwé ńlá ló ti wà nínú ìwé ọmọ yìí ní ìrísí wọn àkọ́kọ́, prelude C minor wa sì wà lára wọn, àmọ́ ó kúrú ju bó ṣe wà lónìí lọ. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn òbí tó ń rò pé orin àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan ni. Iṣẹ́ tí bàbá fi kọ́ ọmọ rẹ̀ ni.

Bach kú ní 1750 láìrí ìwé náà ní títẹ̀. Ó di 1801 kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Fún ọdún 79 yẹn, ẹni tó bá fẹ́ ẹ á jókòó, á fi gègé dà á kọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe dé ọwọ́ ọmọ kékeré kan ní Bonn: ní 1783, olùkọ́ Beethoven, Christian Gottlob Neefe, kọ ọ́ jáde pé ọmọ náà ti ń tẹ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Beethoven kò tíì ju ọmọ ọdún méjìlá lọ.

Kí ni "wohltemperiert" túmọ̀ sí?

Dùùrù tí wọ́n tún ohùn rẹ̀ ṣe dáadáa ni. Nínú ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń tún ohùn dùùrù ṣe, àwọn key kan á dùn gan-an, àwọn mìíràn á máa ta etí bí ìgbà tí ajá ń hu. Àwọn oníṣẹ́ wá ọgbọ́n tí wọ́n fi pín àbùkù náà ká, kó má baà wọ́ jọ sójú kan, kí gbogbo key 24 lè ṣeé lò. Ìwé yìí fi hàn pé ó ṣeé ṣe.

Kí ló dé tí ẹ kì í fi ti C major bẹ̀rẹ̀, nígbà tó jẹ́ òun ló ṣáájú?

Prelude C major rọrùn, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Fugue rẹ̀ ni ìṣòro. Ohùn mẹ́rin ni, olórí ọ̀rọ̀ sì ń wọlé kí ti ìṣáájú tó parí, wọ́n ń já lu ara wọn láti òkè délẹ̀. Fugue C minor ní ohùn mẹ́ta, bar 31 péré (bar ni ìpín ìlù tí ìlà òòró pààlà sí nínú ìwé orin), ohùn kọ̀ọ̀kan sì ń dúró de ẹnì kejì rẹ̀ kó sọ tán. Ẹni tó ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́ lè tọ́ka sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọlé.

Mi ò ní píánò. Kíbọ́ọ̀dù ìjọ eléyín 61 nìkan ni mo ní. Ṣé ó tó?

Ó tó, ó kù. Láti C ìsàlẹ̀ dé C òkè, octave mẹ́rin (láti C kan dé C tó tẹ̀lé e ni octave kan) ni Bach lò nínú ìwé kìíní yìí, eyín dùùrù 49. Kíbọ́ọ̀dù yín ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé eyín tí kò wúwo ò lè kọ́ yín ní Bach. Harpsichord, dùùrù olókùn tó wà láyé ìgbà yẹn, kì í pariwo sí i bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ kíkan, bákan náà ni dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí atẹdùùrù ìgbà yẹn ní lọ́wọ́ ni ìgbà tó máa tẹ nóòtì àti ìgbà tó máa gbé ọwọ́ kúrò. Kíbọ́ọ̀dù yín ní méjèèjì.

Bí ẹ bá lè yan ohùn, ẹ yan ti harpsichord tàbí ti píánò. Ẹ pa ìlù inú rẹ̀.

Kí ni mo gbọ́dọ̀ ti mọ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀?

Ẹ gbọ́dọ̀ lè tẹ ohùn méjì tí kò jọra ní ọwọ́ méjì láìjẹ́ pé ọ̀kan ń fa èkejì lọ́wọ́. Bach fúnra rẹ̀ ti pèsè ọ̀nà: ní 1723, ó kó orin olóhùn-méjì 15 àti olóhùn-mẹ́ta 15 jọ sínú ìwé kan, tí à ń pè ní Invention àti Sinfonia lónìí. Ó kọ ọ́ síwájú ìwé náà pé ohun tó ń wá ju lọ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ lè tẹ dùùrù bí ìgbà tí èèyàn ń kọrin. Ẹ rí i pé kì í ṣe èmi ni mo dá ọ̀rọ̀ ẹnu yìí sílẹ̀. Bí ẹ bá ti tẹ Invention méjì tàbí mẹ́ta àti Sinfonia kan délẹ̀, ẹ máa bọ̀.

Ìwé orin wo ni kí n lò?

Èyí tí wọ́n kọ Urtext sí lára, ìyẹn èyí tó fi ohun tí Bach kọ sílẹ̀ bó ṣe wà. Bach kò kọ ìka sí i, kò kọ jẹ́jẹ́, kò kọ kíkan. Àwọn tó tún un tẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n fi gbogbo ìyẹn kún un, Carl Czerny lára wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá bá a nínú ìwé á rò pé òfin ni. Bí owó kò bá sí, ẹ wá a lórí IMSLP, ìkànnì ìwé orin kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, torí ẹ máa nílò pẹ́ńsù.

Báwo ni mo ṣe lè kọ́ prelude náà?

Ẹ má fi ìyára bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá wo bar 1, ẹ máa rí semiquaver (nóòtì tó yára, mẹ́rin nínú ìlù kan) tó kún ojú ewé bí èèrà. Ẹ fara balẹ̀ wò ó dáadáa. Ọwọ́ ọ̀tún tẹ C òkè, ó já wá sí E-flat, ó yí gba D, ó padà sí E-flat, ó kan C ìsàlẹ̀, ó tún E-flat, D, E-flat ṣe. Mẹ́jọ ni. Ó tún gbogbo rẹ̀ sọ lẹ́ẹ̀kejì, bar parí. Ọwọ́ òsì ń ṣe irú rẹ̀ nísàlẹ̀ lákòókò kan náà. Títí dé bar 24, àwòrán kan náà ni. Ohun tó ń yí padà ni ìdìpọ̀ ohùn (chord) tó wà nínú rẹ̀.

Torí náà, ẹ kọ́kọ́ dì í padà. Ẹ kó nóòtì pàtàkì bar kọ̀ọ̀kan jọ, kí ẹ tẹ wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tí ẹ bá ń tẹ orin ìyìn tí ìjọ ń kọ, bar kan, ìdìpọ̀ kan. Ẹ máa gbọ́ orin tí ariwo semiquaver ti bò mọ́lẹ̀. Nínú bar mẹ́rin àkọ́kọ́, C ìsàlẹ̀ kò kúrò lójú kan. Ohùn tó wà lókè rẹ̀ kúrò nílé, ó ta kókó ní bar 3 débi pé etí fẹ́ kó tú u sílẹ̀, ní bar 4 ó padà sílé. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tú àwọn ìdìpọ̀ náà palẹ̀ sí semiquaver, pẹ̀lú metronome tó lọ́ra (ẹ̀rọ tó ń ka ìlù, ọ̀fẹ́ ló wà lórí fóònù), kí ẹ sì máa gbára lé nóòtì àkọ́kọ́ nínú mẹ́jọ mẹ́jọ náà díẹ̀. Bí gbogbo nóòtì bá rinlẹ̀ bákan náà, á máa dún bí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Ní bar 28, Bach ṣe ohun tí kì í sábà ṣe: ó kọ bó ṣe yẹ kó yára tó. Presto, ìyẹn kó yára gan-an. Ọwọ́ ọ̀tún sá jáde, ọwọ́ òsì ń lé e pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà nísàlẹ̀. Ní bar 34 ó kọ Adagio (kó lọ́ra), gbogbo nǹkan dúró, ẹnì kan ṣoṣo ń sọ̀rọ̀. Ẹ má ka ìlù sí bar yìí bíi ti sójà. Ẹ jẹ́ kó mí. Bar 35 ni Allegro (kó yá), ó sì gbé e délé ní bar 38. Ibi bar 28 sí 34 ni mo ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ nínú prelude, torí ibẹ̀ ni ọwọ́ máa ń tú.

Fugue wá ńkọ́? Ibo ni mo ti máa mú un?

Ẹ pa dùùrù. Ẹ kọ olórí ọ̀rọ̀ sórí bébà ní sol-fa, kí ẹ kọ ọ́ lórin.

Ẹni tó bá ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì nílẹ̀ wa ní ohun tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ píánò níbòmíràn kò ní: ó mọ sol-fa kà. (Kì í ṣe dò-re-mí tí wọ́n fi kọ́ wa ní àmì ohùn nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ń sọ, ti inú ìwé orin ni.) Ní C minor, C ni la. Olórí ọ̀rọ̀ lọ báyìí:

la se la mi fa, la se la ti mi, la se la ti, re mi fa, mi re do.

Nóòtì 20 péré. Ẹ sinmi díẹ̀ kí ẹ tó wọlé, torí kò bẹ̀rẹ̀ lórí ìlù gan-an. Ìsinmi kúkúrú kan ló ṣáájú rẹ̀. "La se" àkọ́kọ́ yára, "la" tó tẹ̀lé e dúró díẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé "la se la" fara hàn lẹ́ẹ̀mẹta, ibi tó sì gbà lẹ́yìn rẹ̀ kò jọra: ó kọ́kọ́ já sí mi, lẹ́yìn náà ó gòkè lọ sí ti kó tó já, nígbà kẹta ó gòkè lọ sí ti, ó já sí re, ó wá gòkè láti ibẹ̀ títí ó fi dé fa, ó dúró lórí rẹ̀, ó wá rọra sọ̀kalẹ̀ sí do. Ẹni tó bá ti kọ ọ́ lẹ́nu tó ìgbà ogún mọ ibi tí èémí wà nínú rẹ̀. Ìka ò lè sọ ìyẹn fún yín.

Bí wọ́n bá mú iná lọ, tí kíbọ́ọ̀dù kú, ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ ṣe é. Ìrìn àjò nínú ọkọ̀ náà dára fún un.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mú pẹ́ńsù pupa, kí ẹ wá gbogbo ibi tí olórí ọ̀rọ̀ ti wọlé. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni. Alto (ohùn àárín) ló bẹ̀rẹ̀ ní bar 1, soprano (ohùn òkè) dáhùn ní bar 3, báàsì (ohùn ìsàlẹ̀) wọlé ní bar 7. Ní bar 11, soprano gbé e lọ sí E-flat major, ojú ọjọ́ sì là. Alto gbé e sí G minor ní bar 15. Ní bar 20, soprano dá a padà sí C minor. Báàsì tún un sọ ní àárín bar 26, soprano sì sọ ọ́ kẹ́yìn ní àárín bar 29. Ẹ fi àwọ̀ mìíràn fa ìlà sábẹ́ alábàárìn. Ní bar 3 ẹ máa rí i tó ń sáré sọ̀kalẹ̀ ní semiquaver lábẹ́ èsì. Níbòmíràn ẹ máa rí i lókè tàbí nísàlẹ̀. Bí báàsì ṣe ń wọlé ní bar 7, alábàárìn kejì dé, ó jẹ́jẹ́, nóòtì rẹ̀ kúrú. Àwọn mẹ́ta yìí lè pààrọ̀ ipò bó ṣe wù wọ́n, ta ló wà lókè, ta ló wà nísàlẹ̀, ohùn wọn á ṣì bára mu. Iṣẹ́ ọpọlọ ńlá ni, ó sì jẹ́ ìrọ̀rùn fún yín: ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré lẹ ń kọ́, ibi tí wọ́n jókòó sí ló ń yí padà.

Nígbà náà ni kí ẹ tó ṣí dùùrù. Ẹ tẹ ohùn kan ṣoṣo láti bar 1 dé 31. Lẹ́yìn náà, ohùn méjì, kí ẹ sì fi ẹnu kọ ìkẹta. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá ń tẹ soprano àti báàsì tí ẹ sì ń fi ẹnu kọ alto ló le jù, òun náà ló sì wúlò jù. Bí ẹ bá ní akọrin méjì nítòsí, ẹ rẹ ohùn rẹ̀ wálẹ̀ síbi tó tù wọ́n, kí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ ọ́ ní sol-fa. Mo ṣe é lọ́jọ́ kan pẹ̀lú àwọn méjì lẹ́yìn ìpàdé akọrin, a kò dé bar 9 tí báàsì fi bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé èmi ni wọ́n ń dúró dè látàárọ̀!" Ó ti yé e.

Ṣé èsì jẹ́ olórí ọ̀rọ̀ gẹ́lẹ́ lórí G?

Ó ku nóòtì kan. Ẹ gbé la sí G, kí ẹ kọ ọ́: ẹ máa retí "la se la mi fa", àmọ́ ohun tí soprano sọ ní bar 3 ni "la se la re fa". Mi di re, ìyókù bákan náà. Ìdí rẹ̀ ni pé olórí ọ̀rọ̀ fi C hàn, ó já sí G. Èsì náà ní láti fi G hàn kó sì já sí C, kí a má baà ṣìnà kúrò nílé kí ohùn kẹta tó wọlé. Ẹ rántí bí àmì ohùn kan ṣe ń yí igbá padà di igba. Ọ̀pọ̀ ló ń tẹ D níbẹ̀ fún oṣù méjì, etí wọn kò sì sọ fún wọn, torí wọn kò kọ ọ́ lẹ́nu.

Ọwọ́ méjì, ohùn mẹ́ta. Ta ló ń tẹ alto?

Ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù. Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ ìka wà. Ẹ wo bar 7 àti 8: báàsì ń sọ olórí ọ̀rọ̀, nítorí náà ọwọ́ ọ̀tún ló ru soprano àti alto pọ̀. Soprano ń sáré sọ̀kalẹ̀ ní semiquaver, àwọn ìka tí kò lágbára ló sì bọ́ sí, ìka kẹta, ìkẹrin, ọmọńdinrín. Àtàńpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ń tẹ alto nísàlẹ̀. Bí àtàńpàkò ṣe wúwo tó, á fẹ́ kí gbogbo èèyàn gbọ́ òun. Ẹ tẹ alto nìkan pẹ̀lú àtàńpàkò àti ìlábẹ̀ yẹn, jẹ́jẹ́, ní kúkúrú. Ẹ tẹ soprano nìkan pẹ̀lú ìka mẹ́ta òkè, láìfi àtàńpàkò ràn wọ́n lọ́wọ́ bó tilẹ̀ wù yín. Ẹ so wọ́n pọ̀, ìlù méjì méjì.

Níbi tí alto bá ti sún mọ́ báàsì, ẹ gbé e fún ọwọ́ òsì. Ẹ kọ ìka sí i pẹ̀lú pẹ́ńsù, kí ẹ má sì yí i padà lọ́jọ́ kejì. Bí nóòtì kan bá gùn, ẹ lè fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, kí ẹ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ lórí eyín kan náà láìjẹ́ kó dákẹ́. Àwọn atẹdùùrù ìjọ ti mọ èyí, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é.

Ẹ̀gbọ́n, mo ti mọ̀ ọ́n lórí, àmọ́ mo máa ń sọnù láàárín rẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Àbúrò, mo mọ ibi tí o ti ń sọnù. Bar 22 ni.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi níwájú èrò nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Mo ti tẹ prelude tán, ara mi balẹ̀, fugue ń lọ. Ní bar 22 ọwọ́ mi gba ọ̀nà tí kò yẹ, kí n tó mọ̀, mo ti bọ́ sí E-flat major, mo sì ń tẹ bar 11. Mo tún un yí, mo dé bar 22, mo tún bọ́ sí E-flat. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo dáwọ́ dúró, mo dìde, mo tẹríba, mo sì lọ jókòó. Kò sẹ́ni tó fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Ìdákẹ́jẹ́ tó wà nínú gbọ̀ngàn yẹn ni mo gbé relé.

Ohun tó fà á rèé. Afárá tó wà ní bar 9 àti èyí tó wà ní bar 22 jọ ara wọn bí ìbejì. Soprano àti alto ń ju "la se la" síra wọn, báàsì ń sáré lábẹ́ wọn. Èyí àkọ́kọ́ ń gbé wa lọ sí E-flat. Ìkejì ń mú wa dúró sí C minor. Ìka ò mọ ìyàtọ̀, nítorí pé lójú ìka, ọ̀kan náà ni wọ́n. Etí ló mọ ibi tí òun ń lọ. Gbogbo bí mo ṣe kọ́ orin náà nígbà yẹn, ọwọ́ nìkan ni mo fi kọ́ ọ, ìgbà igba, láti òkè délẹ̀.

Nítorí náà, tẹ bar 9 àti 10, dúró, kí o fi ẹnu kọ ibi tó ń lọ. Tẹ bar 22 àti 23, dúró, kọ ibi tí òun náà ń lọ. Fi báàsì nìkan ṣe é pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà, kọ́ láti bẹ̀rẹ̀ orin náà láti ibi mẹ́jọ tí olórí ọ̀rọ̀ ti ń wọlé, láì wo ìwé. Kí ẹnì kan nílé kàn pe nọ́ńbà, "ìkẹfà!", kí o sì mú un láti ibẹ̀. Bí o bá sọnù níwájú èrò, wàá ní ilẹ̀kùn mẹ́jọ tí o lè gbà padà wọlé.

Báwo ló ṣe yẹ kó yára tó? Ṣé kí n lo pedal?

Ẹ jẹ́ kó yára níwọ̀n tí ẹ fi lè gbọ́ ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fugue náà ní ijó nínú. Bó bá falẹ̀ jù, á di orin ìsìnkú. Pedal (èyí tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ kí nóòtì lè máa dún lọ), rárá o, títí ẹ ó fi lè tẹ̀ ẹ́ mọ́ tónítóní láìsí i.

Oṣù mélòó ló máa gbà?

Fún ẹni tó ń fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣe é lójoojúmọ́, mo máa ń sọ pé oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ojoojúmọ́ dára ju wákàtí mẹ́rin ọjọ́ Sátidé.

Ṣé fugue jọ orin Yorùbá?

Ìbéèrè yìí dùn mọ́ mi. Ọ̀pọ̀ á sọ pé ó jọ lílé àti gbígbè, torí pé ẹnì kan sọ̀rọ̀, àwọn mìíràn dáhùn. Mo rò pé ìyàtọ̀ ibẹ̀ pọ̀ ju ìjọra lọ. Nínú orin tiwa, a mọ ẹni tó ń lé e, a mọ àwọn tó ń gbè é, elégbè kì í sì gba orin lẹ́nu ẹni tó ń lé e. Nínú fugue, kò sí elégbè. Ohùn tó ń lé e lásìkò yìí ló máa di alábàárìn láìpẹ́, báàsì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá sì ní ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu bíi ti soprano.

Ibi tí mo ti rí ìjọra ni ìyáàlù. Bí onídùndún bá fi ìlù rẹ̀ pa òwe, ẹni tó gbọ́ èdè kì í dúró kó sọ ọ́ tán. Ó ti dá a mọ̀ látorí ohùn mẹ́ta àkọ́kọ́, ó sì ti ń rẹ́rìn-ín. "La se la" náà nìyẹn. Bach mọ̀ pé ẹ ti mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tó fi ń fi í pè yín láti inú ohùn tí ẹ kò retí.

Ṣé ẹnikẹ́ni nínú àwa Yorùbá ti gba ọ̀nà yìí rí?

Ó ti pẹ́. T. K. Ekundayo Phillips kẹ́kọ̀ọ́ ní Trinity College of Music ní London, ó sì wà nídìí dùùrù Cathedral Church of Christ ní Marina, Èkó, láti 1914 títí di 1962. Fela Sowande gba abẹ́ rẹ̀ kọjá gẹ́gẹ́ bí ọmọ akọrin, ó sì gba oyè FRCO, oyè gíga àwọn atẹdùùrù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1943. Ayo Bankole lọ sí Clare College ní Cambridge gẹ́gẹ́ bí atẹdùùrù, òun náà sì kọ Toccata and Fugue tirẹ̀ fún dùùrù. Ẹ wá iṣẹ́ wọn gbọ́ bí ẹ bá ń kọ́ ti Bach lọ́wọ́.

Lẹ́yìn èyí, èwo ló kàn?

E minor nínú ìwé kan náà, BWV 855. Fugue olóhùn-méjì kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni, àmọ́ ó ń sáré gan-an. Ẹ jìnnà sí C-sharp minor àti B-flat minor ná, ohùn márùn-ún ni wọ́n.

Kí ló dé tí nóòtì ìkẹyìn fugue náà fi ní àmì natural (èyí tó ń pa flat rẹ́)? Ṣé àṣìṣe ni?

Kì í ṣe àṣìṣe. Ní àárín bar 29, báàsì ti jókòó sórí C, kò sì ní dìde mọ́. Lórí rẹ̀ ni soprano ti sọ olórí ọ̀rọ̀ fún ìgbà kẹjọ, ohùn mìíràn sì ń kún un lábẹ́, ju mẹ́ta lọ. La se la mi fa, bí a ṣe mọ̀ ọ́n láti bar 1. Ó gòkè dé fa, ó dúró, ó ń sọ̀kalẹ̀, mi, re... etí ti múra sílẹ̀ fún do, E-flat tó ti gbọ́ nígbà gbogbo tí ọ̀rọ̀ yìí bá wà ní C minor. Bach gbé e sókè díẹ̀ péré: E natural. Do di de, minor sì di major lórí nóòtì ogún náà gan-an.

Ẹ má kàn án mọ́lẹ̀. Ẹ gbé ọwọ́ lé e jẹ́jẹ́, kí ẹ jẹ́ kó dún títí tí yàrá náà fi dákẹ́.